Alùpùpù Tí Kò Gbọ́dọ̀ Gbọ́ Orúkọ Ara Rẹ̀

Gbogbo Ṣakí ló mọ̀ pé Ràsáàkì mẹkáníìkì kì í purọ́, ìdí abájọ nìyẹn tí ọjà rẹ̀ kì í fi í yá. Bí ẹlòmíràn bá fẹ́ ta alùpùpù àlòkù, yóò fi epo pa á lára títí yóò fi máa dán, yóò ní tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ni ín, ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ló sì ń gùn ún. Ràsáàkì kò mọ irú ẹ̀ é ṣe. Àga ni yóò gbé fún oníbàárà, yóò bu omi fún un, lẹ́yìn náà ni yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka àbùkù ọjà ara rẹ̀ sí i létí, tí yóò sì ní kí oníbàárà máa wí i tẹ̀lé òun, kí ó má baà di àríyànjiyàn lọ́la.

"Dígí ọwọ́ òsì kò sí," ni ó wí fún Ládòkun láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù Kẹsàn-án. "Ẹ sọ ọ́ kí n gbọ́."

"Dígí ọwọ́ òsì kò sí," ni Ládòkun dáhùn.

"Táǹkì epo tẹ̀ wọnú, ó jìn tó àwo ìmùkọ. Bí ẹ bá ń gun òkè, epo kò ní í sàn dáadáa, ó lè dákẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́."

"Bí mo bá ń gun òkè, ó lè dákẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́."

"Fèrè rẹ̀ ya aláìgbọràn. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, kò ní í dún. Bí ẹ bá yí ọwọ́ alùpùpù sósì, yóò dún fúnra rẹ̀."

Ràsáàkì yí i sósì kí wọ́n jọ gbọ́ ọ. Ohun tó jáde níbẹ̀ dà bí igbe ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ lẹ́sẹ̀. Obìnrin kan tó ń kọjá lọ lójú títì dúró gbọnin, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó gbé tòsì, ó ń wá ohun tí òun tẹ̀.

Ká tilẹ̀ ní táyà kan ṣoṣo ni alùpùpù náà ní, Ládòkun ì bá rà á. Àgbẹ̀ oníṣu ni Ládòkun ní Tẹ̀dé. Iṣu rẹ̀ ń ta, kò bá ẹnikẹ́ni jà, ṣùgbọ́n láti oṣù Karùn-ún, òun nìkan ló ń gúnyán, òun nìkan ló ń jẹ ẹ́. Àwáwù ìyàwó rẹ̀ ti kó lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Ìgbòho, ó sì mú Waheedat ọmọ wọn dání. Ẹ̀bi ta ni? Ẹ̀bi Ládòkun ni, ẹ má jẹ́ ká ṣàbòsí. Wọ́n jọ lọ síbi ìkómọ ní Ofiki. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, ọ̀kadà kan ṣoṣo ló kù, àpò àgbàdo sì ti gba ìdajì ẹ̀yìn rẹ̀, ẹnì kan péré ló lè gbé. Ládòkun gorí ẹ̀. Ó ní kí Àwáwù máa fi èyí tó bá tún dé bọ̀. Kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Èyí tó tún dé kò sí. Àwáwù fẹsẹ̀ rìn láti Ofiki dé Tẹ̀dé, ó gbé ìrẹsì àti ẹran ìkómọ lérí, Waheedat ń sunkún tẹ̀lé e. Nígbà tí wọ́n máa fi wọlé, Ládòkun ti wẹ̀, ó ti jẹun, ó ń gbatẹ́gùn níwájú ilé. Ó bojú wò wọ́n, ó ní, "Ẹ káàbọ̀. Àbí ẹ ò tètè rí ọ̀kadà ni?"

Àwáwù kò bá a jà. Ohun tó burú níbẹ̀ nìyẹn. Ó kó ẹrù rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Bàbá Waheedat, ọjọ́ tí ẹ bá fi máṣíìnì tara yín wá gbé mi, tí mo jókòó lẹ́yìn yín, ni n ó padà sínú ilé yìí." Ẹ̀ẹ̀mejì ni Ládòkun ti háyà ọ̀kadà lọ sí Ìgbòho lẹ́yìn ìgbà náà. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni Àwáwù jáde wá, tó wo máṣíìnì náà tòkè-tilẹ̀, tó béèrè pé ta ló ni ín, tó sì padà wọlé.

"Ó ku ìwé rẹ̀," ni Ràsáàkì wí. Ẹgbẹ́ àwọn mẹkáníìkì àdúgbò rẹ̀ ló ti ṣòfin pé alùpùpù tó bá bàjẹ́ kọjá ohun tí à ń tún ṣe, tí ẹnì kan sì tún un tò, ó gbọ́dọ̀ gba ìwé àtúntò, kí ẹni tó máa rà á lè mọ ibi tó ti ń bọ̀. Nínú gbogbo wọn, Ràsáàkì nìkan ló ń gba ìwé náà. Ó gbé dígí ojú rẹ̀ wọ̀, ó ń kà á. "Alùpùpù pupa. Ọkọ̀ akẹ́rù tó kó iṣu ló fẹ̀yìn rìn gun orí rẹ̀ níwájú mọ́ṣáláṣí kan ní Ìgbòho, ní oṣù Kẹta ọdún yìí. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ìwé ọkọ̀ ìjọba. A tún un tò ní Ṣakí ní oṣù Keje. A kùn ún ní ọ̀dà búlúù, ó sì gba nọ́ńbà tuntun."

Ládòkun gbé ife omi sílẹ̀. "Ta ló ni ín ní Ìgbòho?"

"Bàbá kan ni. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n ní ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi jókòó sórí ẹní, tí àwọn èèyàn ń wá bá wọn kẹ́dùn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n rí i o. Bí wọ́n bá rí i, wọn ò ní í jẹ́ kí ẹ gùn ún kúrò níbẹ̀. Ẹ sọ ọ́ kí n gbọ́."

Ládòkun kò lè sọ ọ́. Òun náà wà lórí ẹní yẹn. Bàbá tí Ràsáàkì ń wí yìí ni Abọ́dúnrìn, bàbá Àwáwù. Ọdún mọ́kànlá ni Abọ́dúnrìn fi gun alùpùpù náà. Ó sọ ọ́ lórúkọ, Àpọ́nlé ni ó ń pè é. Ó máa ń kí i láàárọ̀ kí ó tó kí àwọn ará ilé, bí òjò bá sì ṣú, òun ni ó kọ́kọ́ ń gbé wọlé kí ó tó rántí aṣọ tó wà lórí okùn. Àpọ́nlé ni wọ́n fi gbé Àwáwù wá sí Tẹ̀dé lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù gùn ún mọ́lẹ̀, lèmọ́mù sọ fún Abọ́dúnrìn tààrà pé òun kò ní í wá ṣàdúà fún irin. Abọ́dúnrìn ní kò burú, ó tẹ́ ẹní síwájú ilé, ó sì jókòó. Ládòkun gbé iṣu mẹ́wàá lọ kí àna rẹ̀. Ó wo àwókù náà lójú méjèèjì, kò sí ibì kan tó gún lára rẹ̀, ó sì ní kí Ọlọ́run fi òmíràn dípò.

Òun rèé! Òmíràn náà kọ́, òun gan-an ni. Orí Ládòkun wú. Ó sanwó, ó fọwọ́ sí ìwé, orin ló sì ń kọ títí tó fi wọ Tẹ̀dé.

Tàófíìkì ló ba orin náà jẹ́. Télọ̀ ni Tàófíìkì, láti ilé kéú ni òun àti Ládòkun ti ń ṣọ̀rẹ́, kò sì sí ohun tí wọ́n sọ níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí kò ní í lóye rẹ̀ ju ẹni tó sọ ọ́ lọ. Ó tẹ́tí sí gbogbo ìròyìn náà, ó ń wa ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ. Nígbà tí Ládòkun sọ̀rọ̀ tán, ó dá ẹ̀rọ dúró.

"O ní o rí i nígbà tó bàjẹ́?"

"Ojú mi báyìí ló ṣe."

"Ó bàjẹ́ tán pátápátá?"

"Kò sí ibi tó sàn níbẹ̀."

"O bá wọn kẹ́dùn. O gbé iṣu lọ."

"Iṣu mẹ́wàá."

"Ó wá di oṣù mélòó kan, o rí i ní Ṣakí. Ó ti pa àwọ̀ dà. Ó ti gba nọ́ńbà tuntun. Kò wá sí Ìgbòho mọ́, wọ́n sì ní kò gbọ́dọ̀ pàdé ará ilé rẹ̀." Tàófíìkì rẹ ohùn sílẹ̀. "Ládòkun, àkúdàáyà lo rà."

Ládòkun rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò lọ jìnnà. Ta ni kò gbọ́ ìtàn àkúdàáyà rí ní Òkè-Ògùn, ẹni tí wọ́n ti sin ní ìlú kan, tí wọ́n tún bá ní ìlú mìíràn tó ń tajà, tó ti fẹ́yàwó, tó ti bímọ? Ta ni kò sì mọ̀ pé ọjọ́ tí ará ilé rẹ̀ bá fojú kàn án, tó pe orúkọ rẹ̀ sókè, ọjọ́ náà ni yóò pòórá, tí aya àti ọmọ yóò máa wá a kiri?

"Irin ni, Tàófíìkì."

"Ta ló ní irin kò lè ṣe é?"

"Èmi náà mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, mo sì ti gùn ún wá láti Ṣakí. Kò pòórá."

"Àna ni ọ́. Àlejò ni ọ́ sí i. Ṣé o pe orúkọ rẹ̀?"

Ládòkun ronú. Kò pe orúkọ rẹ̀. Ó yà á lẹ́nu pé òun kò pè é, ó sì dà bíi pé nǹkan kan ló di ahọ́n òun mú. Láti ìṣẹ́jú yẹn ni kò ti lè pe alùpùpù náà ní nǹkan kan mọ́ ju "èyí" lọ.

Tàófíìkì ní kí wọ́n dán an wò. Wọ́n gbé e lọ sí òkè kékeré tó wà ní ojú ọ̀nà tó gba ìhà Ìgbòho. Ládòkun kọjú rẹ̀ sí Ìgbòho, ó gun òkè náà dé ìdajì, alùpùpù dákẹ́. Ó tún un ṣe nígbà kejì, ó tún dákẹ́. Wọ́n yí ojú rẹ̀ padà sí Tẹ̀dé, ó gbiná lẹ́ẹ̀kan, ó ń sáré sọ̀kalẹ̀ bí ẹni tí wọ́n dá sílẹ̀ lẹ́wọ̀n. Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Ọkùnrin tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ ní Ṣakí pé bí òun bá ń gun òkè, ó lè dákẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́, òun ló dúró síbẹ̀ yìí, tí gbogbo irun ara rẹ̀ dìde. Mo ti ní kí ẹ má jẹ́ ká ṣàbòsí.

Ká ní ọwọ́ Ládòkun ló wà, ì bá dá alùpùpù náà padà fún Ràsáàkì lọ́jọ́ kejì. Ṣùgbọ́n Àwáwù pè é lórí fóònù nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ìròyìn ti dé Ìgbòho.

"Wọ́n ní ẹ ti ra máṣíìnì."

"Mo ti rà á."

"Tara yín?"

"Tara mi ni. Ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi." Ìwé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ lóòótọ́.

Ohùn Àwáwù ti rọ̀. "Àwọn ọmọ ilé ìwé máa wọlé sáà tuntun lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa parí ìforúkọsílẹ̀ níbí. Mo ń retí yín lọ́jọ́bọ̀. Bí n kò bá rí yín, n ó fi orúkọ Waheedat sílẹ̀ nílé ìwé Ìgbòho, kí kálukú mọ ibi tó wà."

Ládòkun mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Obìnrin tó bá ti fi orúkọ ọmọ sílé ìwé ní ìlú bàbá rẹ̀ kò tún ń bọ̀. Ó jókòó sẹ́bàá èyí tó rà. Bí kò bá gùn ún lọ, aya rẹ̀ lọ nìyẹn. Bí ó bá sì gùn ún lọ, tí Abọ́dúnrìn rí i, tó pè é, yóò pòórá mọ́ ọn nídìí níwájú àwọn àna rẹ̀, aya rẹ̀ náà lọ nìyẹn. Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó rí i.

Tàófíìkì ló tún yanjú rẹ̀. Ó ní bí Abọ́dúnrìn kò bá rí i, kò ní í dá a mọ̀, bí kò bá dá a mọ̀, kò ní í pè é. Ó mú aṣọ kọ́tìnì kan tí oníbàárà kò wá gbà mọ́, olódòdó wẹ́wẹ́, ó wọn alùpùpù náà ní ìbú àti gígùn, ó sì rán ẹ̀wù fún un. Ẹ̀wù náà ní apá méjì fún ọwọ́ rẹ̀, ó sì ní bọ́tìnnì lábẹ́ táǹkì. Kò ya ojú sílẹ̀ fún iná iwájú, kí ó má baà rí ibi tí wọ́n ń gbé e lọ. Ó tún fún Ládòkun ní okùn ìso ewúrẹ́ kan. Ó ní kí ó so ìpẹ̀kun kan mọ́ ọwọ́ alùpùpù, kí ó so ìkejì mọ́ ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀, kí ó má tú u títí yóò fi padà dé Tẹ̀dé. Bí nǹkan náà bá fẹ́ pòórá, ó kéré tán, yóò kọ́kọ́ fà á.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni Ládòkun gbéra. Nígbà tó dé òkè tí wọ́n ti dán an wò, ó sọ̀ kalẹ̀, ó yí ojú alùpùpù padà sí Tẹ̀dé, ó sì ń fi ẹ̀yìn tì í gòkè, kí ó lè rò pé ilé ni òun ń lọ. Gbogbo òkè tó wà lójú ọ̀nà náà ni ó tì báyẹn. Àwọn obìnrin tó ń ṣa èso emi tí wọ́n fi ń ṣe òrí lẹ́bàá ọ̀nà gbé agbọ̀n sílẹ̀, wọ́n ń wò ó. Ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, bàbá arúgbó kan ya fún un lójú ọ̀nà, ó wo ẹ̀wù olódòdó náà, ó ní, "A bá yín yọ̀ o, Ọlọ́run á fi ìbejì ta yín lọ́rẹ." Ládòkun ní àmín. Òógùn ti bò ó, ṣùgbọ́n ìgbà gbogbo tó bá bojú wolẹ̀, alùpùpù ṣì wà lábẹ́ rẹ̀.

Abọ́dúnrìn jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀, ó ń já tẹ̀sùbáà. Bàbá náà ti gbẹ díẹ̀ láti oṣù Kẹta, fìlà rẹ̀ ti tóbi jù ú lọ. Ládòkun dá alùpùpù dúró nídìí igi máńgòrò tó wà níwájú ilé, ó fa ẹ̀wù rẹ̀ balẹ̀ dáadáa, ó sì wá kí àna rẹ̀. Okùn kò gùn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín agbo ilé, ó ku ìṣísẹ̀ mẹ́fà kó dé ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ẹ kúulé o, Bàbá."

Abọ́dúnrìn na ọrùn wò ó. "Ládòkun, ṣé láti Tẹ̀dé lo ti ń kí mi ni? Sún mọ́ mi."

Ẹni tí àna rẹ̀ bá ní kó sún mọ́ òun, ó di dandan kó sún mọ́ ọn. Ládòkun fi àyà wọ́ síwájú díẹ̀. Okùn le.

"Ṣé ẹsẹ̀ ń dùn ọ́ ni? Mo ní sún mọ́ mi. Kí lo mú dání lókùn yẹn? Ṣé àgbò lo mú wá ni?"

Ládòkun pa ojú dé, ó tún fi àyà wọ́ síwájú. Okùn fa ọwọ́ alùpùpù náà, ọwọ́ alùpùpù yí sósì, fèrè sì ké.

Tẹ̀sùbáà bọ́ lọ́wọ́ Abọ́dúnrìn. Fèrè yẹn ti ń ké báyẹn láti bí ọdún méje, kí ọkọ̀ akẹ́rù tó gùn ún rárá. Ràsáàkì tún ọ̀pọ̀ nǹkan ṣe, ṣùgbọ́n ìyẹn borí rẹ̀. Bàbá náà dìde láìmú ọ̀pá. Okùn ti fa alùpùpù ṣubú lulẹ̀, bọ́tìnnì ti já, ẹ̀wù olódòdó ti ká sókè, ìdí búlúù sì ti yọ sí gbangba. Abọ́dúnrìn nawọ́ sí i. Ó la ẹnu.

"Àpọ́..."

Ládòkun fò dìde. Bí ó ṣe gba ìṣísẹ̀ mẹ́fà náà kọjá pẹ̀lú alùpùpù tó ń wọ́ tẹ̀lé e, kò sí ẹni tó lè sọ. Ohun tí gbogbo agbo ilé rí ni pé ọkọ Àwáwù dé iwájú bàbá Àwáwù, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó lẹ́nu pinpin.

Igbe ta. Àwọn obìnrin ilé jáde wá láti inú ilé ìdáná, ọ̀kan mú orógùn dání. Àwáwù náà jáde. Ó ti fún Waheedat ní aṣọ ọ̀nà wọ̀, ẹrù wọn wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti lé tìróò. Ó wo ọkọ rẹ̀, ó wo ọwọ́ ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Waheedat! Ẹnu bàbá mi!"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é!" ni Ládòkun ń pariwo. "Bàbá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má dárúkọ rẹ̀! Bí ẹ bá dárúkọ rẹ̀, yóò lọ, bó bá sì lọ, Àwáwù náà kò ní í bá mi lọ!"

Ibẹ̀ ló ti rò ó fún wọn, ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu bàbá náà. Ó sọ nípa Ràsáàkì àti ìwé àtúntò. Ó sọ ohun tí Tàófíìkì rí. Ó sọ bí ó ṣe fi ẹ̀yìn tì í gun òkè. Nígbà tó dé orí ọ̀rọ̀ Ofiki, tí ẹnikẹ́ni kò bi í, ó sunkún. "Mi ò bojú wẹ̀yìn lọ́jọ́ náà," ni ó wí. "Mo ṣe àṣìṣe. Mi ò bojú wẹ̀yìn."

Ìyàwó ilé tó mú orógùn dání sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Abọ́dúnrìn mi orí pé ó ti yé òun, ẹ̀ẹ̀kan, lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ náà. Ládòkun mú ọwọ́ kúrò, ó sì dọ̀bálẹ̀, kò gbórí sókè. Bàbá náà kò lù ú, kò bú u. Ó yí padà, ó kọjú sí ògiri ilé ara rẹ̀, ó sì fi ẹ̀yìn sí gbogbo wọn.

"Àwáwù," ni ó pe ọmọ rẹ̀ láti ibẹ̀.

"Bàbá mi."

"Kí ni ọkọ rẹ gbé wá?"

"Máṣíìnì ni, Bàbá."

"Àwọ̀ wo ni?"

Àwáwù wo alùpùpù tó nà gbalaja sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀ tí òun náà nà gbalaja. "Búlúù ni."

"Tèmi, pupa ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Pupa ni tiyín."

"Ṣé dígí rẹ̀ pé?"

"Kò pé. Ọwọ́ òsì kò sí."

"Tèmi ní dígí méjèèjì." Ẹ̀yìn bàbá náà ń gbọ̀n lábẹ́ agbádá. "A jẹ́ pé n kò mọ̀ ọ́n. N kò rí i rí. Ládòkun, dìde nílẹ̀, gbé máṣíìnì rẹ dúró, kí o sì gbé ìyàwó rẹ, ẹ máa lọ kí oòrùn tó mú."

Ó ku ohun kan tó tọrọ. Ó ní kí wọ́n mú òun dé ẹ̀gbẹ́ nǹkan náà, òun yóò di ojú. Àwáwù mú un lọ́wọ́. Ó di ojú pinpin bí ọmọdé tó ń ṣeré, ó na ọwọ́, ó fi kan táǹkì, ó rọra ń wá a kiri títí ọwọ́ rẹ̀ fi bọ́ sínú ibi tó tẹ̀. Ó dúró síbẹ̀ pẹ́.

"Ó fara gbá gan-an," ni ó wí. "Ta ló ni ín?"

"Tèmi ni, Bàbá," ni Ládòkun dáhùn.

"Máa bá a sọ̀rọ̀ láàárọ̀. Ó fẹ́ràn rẹ̀." Lẹ́yìn náà ni ó rántí pé òun kò mọ̀ ọ́n. "Gbogbo máṣíìnì ló fẹ́ràn rẹ̀," ni ó fi kún un, ó sì padà sídìí ògiri rẹ̀.

Wọ́n di ẹrù. Wọ́n gbé Waheedat sórí táǹkì níwájú bàbá rẹ̀, ìdí rẹ̀ sì bọ́ sínú ibi tó tẹ̀ náà bí ìgbà tí Ràsáàkì wọ̀n ọ́n fún un. Àwáwù ká ẹ̀wù olódòdó, ó fi ṣe tìmùtìmù sórí ìjókòó, ó jókòó sí ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀. Ládòkun tú okùn lọ́wọ́, ó so ó mọ́ ẹrù. Alùpùpù gbiná lẹ́ẹ̀kan.

Nídìí ibi tí wọ́n ti ń lọ àgbàdo, ọ̀nà tó jáde sí títì yà sósì. Kò sí ọ̀nà mìíràn. Ládòkun yí ọwọ́ alùpùpù, fèrè sì ké, ewúrẹ́ kan nínú ọgbà dá a lóhùn. Ẹ̀yìn náà ni wọ́n gbọ́ ohùn arúgbó kan láti agbo ilé Abọ́dúnrìn, ohùn ẹni tó ti mú un mọ́ra tí kò sì lè mú un mọ́ra mọ́.

"Àpọ́nlé! Àpọ́nlé mi o!"

Ládòkun tẹ búréèkì. Ojú rẹ̀ ti dì kí ó tó mọ̀. Ọwọ́ tó yẹ kó fi gbá táǹkì mú kí ó má lọ, ẹ̀yìn ló nà án sí, ó ń wá, ó ń tá ràrà nínú afẹ́fẹ́, títí ó fi kan orúnkún Àwáwù, ó sì dì í mú.

Alùpùpù ń ró lábẹ́ wọn. Waheedat béèrè ìdí tí wọ́n fi dúró.

"Mo wà níbí," ni Àwáwù wí sí i létí. "Ẹ lajú, Bàbá Waheedat. Ẹ wa máṣíìnì."

Ó lajú. Ó wà á. Ọwọ́ kan ni ó fi wà á títí wọ́n fi jáde ní Ìgbòho.